Mo mú ìyá mi rin Tremé ní New Orleans: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Bí ẹ bá ń lọ sí New Orleans, tí owó ọwọ́ yín kò sì ju ti ìrìn kan ṣoṣo pẹ̀lú amọ̀nà lọ, Tremé, àdúgbò àtijọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, ni kí ẹ san án lé. French Quarter, àdúgbò àtijọ́ tó gbajúmọ̀ jù, ni gbogbo ìpolówó ń pariwo, ó sì rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè dá a rìn fúnra yín lọ́fẹ̀ẹ́. Tremé ló ń fẹ́ ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ kó tó lè yé àlejò. Mo rin méjèèjì, mo sì sanwó méjèèjì, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Houston ni mo ń gbé. Ìyá mi wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ mi láti Ìbàdàn, wọ́n sì ti sọ fún mi láti pápákọ̀ òfurufú pé àwọn ò torí ilé ìtajà wá Amẹ́ríkà. Nínú oṣù Ọ̀wàrà mo wa ọkọ̀ gba ọ̀nà I-10, wákàtí mẹ́fà pẹ̀lú oúnjẹ tí a dúró jẹ. Wọ́n ti lé ní ọdún 70, orúnkún ọ̀tún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu, nítorí náà ohun tí mo kọ́kọ́ wá nínú ìpolówó iléeṣẹ́ náà ni bóyá òkè wà lọ́nà. Kò sí. Ìlú náà tẹ́ pẹrẹsẹ, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Dọ́là 35 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì ààbọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, ẹnu ọ̀nà Armstrong Park.

Amọ̀nà wa kò tíì pé ogójì ọdún. Ó ń fọn tròmbónì nínú bẹ́ńdì kan, Tremé ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí. Kó tó sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni, ó wá bá ìyá mi, ó ṣí fìlà, ó kí wọn, ó bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa. Ó wá yíjú sí àwa tó kù, ó ní nǹkan kan ṣoṣo ni òun máa fi ṣòfin fún wa: ẹnikẹ́ni tí a bá bá lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé rẹ̀, kí a kí i. Ó ní ní Tremé, bí o bá kọjá lára èèyàn láìkí i, wọn á mọ̀ pé wọn ò kọ́ ọ nílé. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi. Wọ́n ní, "Ọmọ gidi nìyí." Láti ìgbà yẹn ni wọn ò ti pè é ní ohun mìíràn ju "ọmọ mi" lọ.

Congo Square ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má retí ilé ńlá kan níbẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n to òkúta sí ni, tí wọ́n to òkúta náà ní òbìrípo, bí omi ṣe máa ń fẹ̀ yíká tí a bá ju òkò sí i, àwọn igi óákù àtijọ́ sì ṣíji bò ó. Nígbà tí ìlú náà wà lọ́wọ́ àwọn Faransé, òfin fún àwọn ẹrú ní ìsinmi ọjọ́ Àìkú. Wọ́n á gbé irè oko wá tà, wọ́n á lùlù, wọ́n á jó. Nígbà tí ó bọ́ sọ́wọ́ Sípéènì, òfin gba ẹrú láàyè láti ra ara rẹ̀, nítorí náà owó ọjà ọjọ́ Àìkú yẹn lè di òmìnira èèyàn. Ní 1803 Amẹ́ríkà ra gbogbo Louisiana, ilẹ̀ tí ìlú náà wà nínú rẹ̀, lọ́wọ́ Faransé tó ti gbà á padà lọ́wọ́ Sípéènì, ní 1817 ìjọba ìlú sì ṣòfin pé ojú kan péré ni kí àwọn ẹrú ti máa pé jọ. Ojú ibẹ̀ ni a dúró sí yìí. Ẹ rántí pé ní South Carolina, òfin ti ka ìlù léèwọ̀ fún ẹrú láti 1740.

Amọ̀nà wa sọ ìtàn kan tí n kò lè gbàgbé. Ní 1819 ayàwòrán ilé kan, Benjamin Latrobe, ń kọjá nítòsí, ó gbọ́ ariwo tó rò pé ẹṣin ló ń fi pátákò kilẹ̀ lórí pákó. Nígbà tó dé ibẹ̀, èèyàn bíi 500 sí 600 ló bá, wọ́n pa agbo káàkiri, bàbá arúgbó kan sì gun ìlù bí ẹni gun ẹṣin, ó ń fi etí ọwọ́ àti ìka lù ú. Amọ̀nà wa lóṣòó, ó fi ọwọ́ lásán lu òkúta ilẹ̀ náà kí a lè gbọ́ bí ìró rẹ̀ ṣe ń lọ. Kò yára, kò ṣe é bí eré. Àwọn ọmọ kéékèèké tó wà láàárín wa dákẹ́.

Ère idẹ kan wà níbẹ̀, onílù àti oníjó ni wọ́n yà sí i, ọmọ Nàìjíríà kan ló ṣe é ní 2010. Amọ̀nà wa gbìyànjú láti pe orúkọ rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ kọ́. Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, tún un pè." Ó tún un pè. Wọ́n ní rárá, "Adéwálé. Adé wá sílé." Olórin ni, ó mọ ohun tó kàn: ó pa ẹnu dé, ó kùn ohùn orúkọ náà jáde nímú, re-mi-mi-mi, kó tó wá la ẹnu pè é. Ó sì pè é dáadáa. Adéwálé Adénlé. Inú mi dùn dé ibi tí n kò lè sọ. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá ọmọ yẹn pe orúkọ rẹ̀ kí àwọn àlejò tó kù gbọ́ bó ṣe yẹ kó dún.

Ẹ̀hónú mi àkọ́kọ́ wà níbí. Ìṣẹ́jú 20 péré ni wọ́n fi Congo Square sí. Amọ̀nà náà ń wo aago léraléra, mo sì rí i pé kì í ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀. Iléeṣẹ́ ló ká a mọ́. Bí a bá fi wákàtí kan kún ibẹ̀, kò ní pọ̀ jù.

Láti ibẹ̀ a rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì St. Augustine. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà lómìnira, tí wọn kì í ṣe ẹrú, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1841, wọ́n sì ṣí i ní 1842. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́, àga ìjókòó ni wọ́n ń tà fún ẹbí kọ̀ọ̀kan. Àwọn òyìnbó gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rà á kí wọ́n lè gba ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ẹni òmìnira yẹn náà wá dáwó, wọ́n ra àga jù wọ́n lọ, wọ́n sì tún ra ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ẹrú láti jókòó sí. Ìta ṣọ́ọ̀ṣì náà ni ohun ìrántí tí wọ́n ń pè ní ibojì ẹrú tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ wà: àgbélébùú ńlá tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ọkọ̀ ojú omi ṣe, tó wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé ó ti rẹ̀ ẹ́, tí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sì rọ̀ sí i lára. Ẹ̀wọ̀n náà ti dípẹtà. Ìyá mi fi ìka kan ibì kan lára rẹ̀, ìpẹtà pupa bá wọn lọ́wọ́, wọn ò nù ún.

Tí mo bá ní kí n yan ohun kan nínú gbogbo ìrìn náà, ilé ni. Shotgun ni wọ́n ń pe irú ilé tó kún Tremé: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn lọ sẹ́yìn, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá kan ń wọ inú yàrá kejì, débi pé tí wọ́n bá ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, láti ojú pópó lẹ ti máa rí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní ọta ìbọn lè gba iwájú wọlé kó gba ẹ̀yìn jáde láìkan ohunkóhun. Ìyá kan jókòó síwájú irú ilé bẹ́ẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì nínú àwo, amọ̀nà wa tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, wọ́n wo inú, wọ́n ka ilẹ̀kùn mẹ́rin, wọ́n sì rí aṣọ tó ń gbẹ lórí okùn lẹ́yìn. Wọ́n ní irú èyí ni ilé ìyá wọn ní Òjé, yàrá wọ yàrá, o ò lè jí lọ wẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

N kò tíì sọ fún wọn nígbà yẹn pé onímọ̀ kan, John Michael Vlach, ti kọ ọ́ láti àwọn ọdún 1970 pé láti ilẹ̀ Yorùbá ni irú ilé yìí ti kọjá sí Haiti, kó tó gba Haiti dé New Orleans. Ní 1809 àti 1810, ó lé ní 9,000 èèyàn tí wọ́n ti sá kúrò ní Saint-Domingue, tó di Haiti, tí wọ́n gba Cuba wọ ìlú yìí: òyìnbó, aláwọ̀ dúdú òmìnira àti ẹrú. Ìlú náà fẹ̀ sí i, wọ́n sì kọ́ ilé tí ọwọ́ wọn mọ̀. Mo fara mọ́ àlàyé rẹ̀, nítorí ojú ìyá mi kò ka ìwé kankan kó tó rí i.

Claiborne Avenue ló kàn. Tẹ́lẹ̀, igi óákù ló tò sí àárín rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń ṣọdún, tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ní àwọn ọdún 1960 ìjọba gé àwọn igi náà, wọ́n gbé afárá I-10 kọjá lórí rẹ̀. I-10 kan náà tí mo wà wá láti Houston. Àwọn ará ibẹ̀ wá fi ọ̀dà ya igi óákù sára àwọn òpó kọnkéré. Ọkọ̀ ń bú lókè, ohùn amọ̀nà wa ò dé ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ló ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀: ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí ìjì líle Katrina dé ní ọjọ́ 29 oṣù Ògún 2005, tí ìdènà omi já, tí omi bo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú. Wọ́n kó wọn lọ sí Houston, ó sùn sí Astrodome, pápá ìṣeré ńlá kan níbẹ̀. Mo ní láti sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́. Ìpolówó sọ pé a ò ní ju 15 lọ. Àwa 26 la wà níbẹ̀, kò sì sí gbohùngbohùn. Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà lórí èyí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n tó fèsì, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọn ò dá kọ́bọ̀ padà.

Òmíràn: àwòrán itẹ́ òkú St. Louis No. 1 ló wà lójú ìpolówó wọn, ṣùgbọ́n a ò wọ ibẹ̀. Láti 2015, amọ̀nà tó gbàwé àṣẹ nìkan ló lè mú àlejò wọlé, owó ọ̀tọ̀ sì ni. Ẹ̀yìn ògiri la dúró sí. Ó yẹ kí wọ́n kọ èyí sókè gedegbe, torí ibẹ̀ ni Homer Plessy sùn sí, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin àwọn òyìnbó ní 1892, tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sì dá ẹjọ́ rẹ̀ ní 1896 pé kò sóhun tó burú nínú yíya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun.

Mo ní mo sanwó ti French Quarter náà. Ìrìn ìtàn iwin ni, alẹ́ Jímọ̀, iléeṣẹ́ mìíràn. Ó mú wa dúró níwájú ilé Delphine LaLaurie, obìnrin olówó kan tó ní ẹrú, níbi tí iná ti sọ ní 1834, tí àwọn tó wá pa iná náà sì bá àwọn ẹrú tí wọ́n ti dá lóró nínú ilé. Ẹni tó mú wa rìn sọ ọ́ bí àlọ́ adẹ́rùbani, àwọn èèyàn mú bíà lọ́wọ́, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní kí n mú àwọn lọ sùn. Èèyàn ni àwọn tí wọ́n ń fi ṣeré yẹn. N kò ní padà síbẹ̀, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lọ.

Ti Tremé parí síwájú ilé ìtajà kékeré kan. Amọ̀nà wa ra súwíìtì tí wọ́n fi ṣúgà àti èso pecan ṣe, tí wọ́n ń pè ní praline, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan, kò gbowó. Ó ní lagniappe ni, pé ní New Orleans, ẹni tó bá ra nǹkan gbọ́dọ̀ gba díẹ̀ lé e. Mo túmọ̀. Ìyá mi ní, "Ènì ni! Wọ́n mọ ènì níbí?" Ó tún fi ènì lé ènì: ó sọ ibi tí bẹ́ńdì òun ti máa jáde lọ́jọ́ kejì fún wa.

A lọ. Àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ lórí àìsàn àti ìsìnkú láti ayé àwọn bàbá wọn ló ń ṣe ìwọ́de olórin náà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ Àìkú tirẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá láti fìlà dé bàtà. Ẹgbẹ́ àti bẹ́ńdì ni ìlà kìíní. Gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn ni ìlà kejì, orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ afárá Claiborne, ìró fèrè lu kọnkéré, ó padà wálẹ̀, ó di ìlọ́po méjì. Obìnrin kan tí a ò mọ̀ rí gbé àga tirẹ̀ fún ìyá mi nítorí orúnkún wọn. Wọ́n jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà tí mo máa wẹ̀yìn, àga ṣófo, mo rí gèlè wọn láàárín èrò.

Ẹ wọ bàtà tó rọ̀, ẹ mú omi dání, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́nà lẹ́yìn Armstrong Park. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí ẹ ti máa wá ibi ìgbọ́kọ̀sí.