Nílé Níwájú Tẹlifíṣọ̀n, àbí ní Pápá Súrùlérè?

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, Nàìjíríà fi àmì ayò 3-0 na Àlgéríà nínú àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Súrùlérè, l'Ékòó, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ló gbá méjì wọlé.

Tẹlifíṣọ̀n dúdú-òun-funfun la fi wò ó ní pálọ̀ bàbá wa. Ará àdúgbò kún ojú fèrèsé, ẹnìkan di ọ̀pá eriali mú lẹ́yìn ilé, à ń ké sí i pé, "Ó ti dára, má yí i mọ́!" Ó dùn gan-an, àmọ́ tí iná bá lọ, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn lọ sí pápá. Látàárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró, kò rí ojú agbábọ́ọ̀lù kankan dáadáa. Ṣùgbọ́n ìlù, fèrè, àti àjèjì tó dì mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlé! Pápá ni èmi ìbá yàn.