Igi Àyìn Tàbí Èédú: Èwo Ni Kẹ́ Ẹ Rà Pamọ́ De Òjò?

Ẹ̀yin tí gáàsì nìkan tó láti la ìgbà òjò já, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé, tí ará ilé yín pọ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀wà àti ẹsẹ̀ màlúù ni wọ́n ń bèèrè, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo ti fi èédú la òjò já rí, mo sì ti fi igi là á já.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ rà á ò yàtọ̀ fún méjèèjì: láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, nígbà tí ọ̀nà oko ṣì gbẹ. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ọkọ̀ akẹ́rù tó bá wọ oko lọ́nà Òkè-Ògùn lè rì sínú ẹrẹ̀. Àwọn tó ń sun èédú náà ò ní ráyè, torí pé igi tí wọ́n tò jọ, tí wọ́n fi koríko àti erùpẹ̀ bò, ó gbọ́dọ̀ rọra jó fún ọjọ́ púpọ̀ láìjẹ́ kí òjò bà á. Bí ọjà bá ti ń wọ́n báyìí, ẹni tí ò rà pamọ́ ló máa sanwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìwọ̀n, torí ibẹ̀ ni èédú ti jẹ mí lówó.

Àpò ni wọ́n fi ń ta èédú, àpò kan ò sì dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Àpò ìrẹsì wà, àpò àgbàdo wà, èyí tó gbajúmọ̀ jù sì ni àpò ńlá tí wọ́n fi okùn hun ẹnu rẹ̀, tí èédú wá yọ sókè bí gèlè. Ibi tó yọ sókè yẹn ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ máa wò. Èédú ńláńlá tó ń dán ni wọ́n tò síbẹ̀. Nígbà tí mo tú èyí tí mo rà, orí rẹ̀ dáa lóòótọ́. Bí mo ṣe ń kó o lọ sísàlẹ̀ ló ń kéré sí i, títí ọwọ́ mi fi kan ìyẹ̀fun dúdú tó dà pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ pupa, pẹ̀lú kùkùté igi tí iná ò jẹ dénú, tí mo dá sínú àdògán tí gbogbo ilé kún fún èéfín. Ìdí àpò náà tutù rinrin. Wọ́n ti wọ́n omi sí i. Wọ́n á ní kí eruku má bàa máa fò ni, ṣùgbọ́n omi yẹn náà ló ń jẹ́ kí àpò wúwo lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé e wò.

Mo padà lọ bá eléèédú. Ó ní, “Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì. Bí wọ́n ṣe dì í láti oko la ṣe ń tà á, àwa náà kì í tú u wò.” Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ó rà á lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, ọlọ́kọ̀ rà á lọ́wọ́ ẹni tó sun ún, kò sì sẹ́ni tó tú àpò nínú wọn. Èmi tí mo tú u ni gbèsè ṣẹ́ sí lọ́rùn.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ wá ọ̀pá gígùn, kẹ́ ẹ tì í bọ ẹ̀gbẹ́ àpò títí dé ìdí. Tó bá ń kọ́ lára èédú, ó dáa. Tó bá wọlé wẹ́rẹ́, ìyẹ̀fun ló wà nísàlẹ̀. Ẹ fi èédú kan kan èkejì. Èyí tí wọ́n fi àyìn tàbí igi tí a ń rí òrí lára rẹ̀ sun máa ń wúwo, ó sì máa ń dún. (Ó ń dùn mí pé wọ́n ń gé igi òrí fún èédú, ṣùgbọ́n ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.) Èyí tó fúyẹ́, tó ń rún mọ́ ọwọ́, á jó tán kí ẹ̀wà tó rọ̀.

Ẹ wá wo igi. Kò ní ìdí àpò. Bí wọ́n bá já a sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ ti rí. Ibi kan ṣoṣo tí onígi ti lè rẹ́ yín jẹ ni gbígbẹ, torí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè kó tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, omi yẹn ni iná yín máa kọ́kọ́ lé kúrò kó tó ráyè ìkòkò. Ṣùgbọ́n igi tútù kì í fara pamọ́. Tó bá gbẹ, orí rẹ̀ á ti sán, èèpo rẹ̀ á ti máa ṣí. Ẹ ní kí wọ́n la ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi inú rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá tutù síbẹ̀, ẹ dín owó. Àyìn tútù tí wọ́n là wẹ́wẹ́ nígbà ọyẹ́ á ti fúyẹ́ dáadáa kí òjò tó dé. Èédú tó ti di ìyẹ̀fun, kò sí oòrùn tó máa sọ ọ́ di odidi.

Ní ti ooru, èédú ló borí: kìlógíráàmù kan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ooru tó ìlọ́po méjì ti igi gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ó lè gba kìlógíráàmù igi 5 sí 10 kí wọ́n tó rí kìlógíráàmù èédú 1 nínú oko, ẹ̀yin náà lẹ sì ń san owó èyí tó ṣòfò.

Èéfín: igi ń ta ojú, kò sì dáa fún àyà, ẹ má dáná rẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ò ti lè jáde. Ẹ fi ọṣẹ pa ẹ̀yìn ìkòkò kẹ́ ẹ tó gbé e kaná, dúdú rẹ̀ á tètè ṣí. Èédú kì í rú èéfín púpọ̀, ìyẹn gan-an ló fi léwu jù. Bí òjò bá ń rọ̀, àwọn èèyàn á gbé àdògán wọ yàrá, wọ́n á ti fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ ò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ìta tàbí ilé ìdáná tó ṣí sílẹ̀ ni àyè rẹ̀.

Ìpamọ́: ẹ to igi sórí búlọ́ọ̀kù nítorí ikán, ẹ fi páànù bo orí rẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ fún atẹ́gùn, kẹ́ ẹ sì máa wo ibi tẹ́ ẹ ń ki ọwọ́ bọ̀ nítorí àkekèé. Èédú kò ní wàhálà yìí, igun kan lábẹ́ òrùlé ti tó o.

Àjẹkù pákó ṣáàmìlì, irú èyí tó wà ní Bódìjà, dáa fún fífi ran iná, kò dáa fún ìkòkò ẹ̀wà. Ẹ má dáná èyí tó ní ọ̀dà tàbí oògùn ikán lára.

Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó kàn fẹ́ ro àmàlà lórí bákónì rẹ̀, kí ó ra èédú, ó máa gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀yìnkùlé àti ìkòkò ńlá, méjèèjì ló wúlò fún un: àyìn ẹ̀kún pikọ́ọ̀pù kan ní oṣù Kìíní, kí wọ́n là á níṣojú rẹ̀, pẹ̀lú àpò èédú kan fún àgbàdo sísun. Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ ra àpò èédú kan yẹn, ẹ mú ọ̀pá dání.