Wii, N64 àbí PS2 alágbèéká: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí fọ́tò Wii, N64 (Nintendo 64) tàbí PS2 (PlayStation 2), ìyẹn àwọn ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n gé kéékèèké, tí wọ́n wá fi skríìnì àti bátìrì sí kó lè ṣeé gbé dání, tí ọkàn yín sì ti fà sí i, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó sanwó. Nínú fọ́tò gbogbo wọn ló ń dán. Inú lọ́hùn-ún níbi tójú ò dé ni wọ́n ti yàtọ̀ síra, ibẹ̀ náà sì lowó yín ń lọ.

Bọ́ọ̀dù gidi, ìyẹn pátákó iná inú ẹ̀rọ, ni mò ń sọ o, èyí tó jáde látọ̀dọ̀ Nintendo tàbí Sony fúnra wọn, kì í ṣe emulator, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó kàn ń ṣe bíi ti ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì ti pẹ́ díẹ̀. Sega ṣe Nomad lọ́dún 1995, Genesis, ẹ̀rọ géèmù ilé wọn, ni wọ́n sọ di alágbèéká, bátìrì AA 6 ló ń lò, kíá ló sì ń jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 2000, Benjamin Heckendorn ní Amẹ́ríkà gé ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ Atari 2600 di èyí tó ṣeé gbé dání, látìgbà náà àwọn èèyàn ò sinmi mọ́.

Tó bá jẹ́ èmi lẹ bi, Wii ni màá ní kẹ́ ẹ rà. Ọdún 2006 ló jáde, agbára GameCube, ẹ̀rọ géèmù Nintendo tó ṣáájú ẹ̀, sì wà nínú ẹ̀ látilẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ méjì lẹ rà lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́ọ̀dù ẹ̀ ṣeé gé dáadáa, àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń gé etí ẹ̀ kúrò títí tó fi máa ku àyíká CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ), GPU (èyí tó ń ya àwòrán) àti mẹ́mọ́rì nìkan, wọ́n á wá fi wáyà tó tín-ín-rín bí irun so ohun tó kù pọ̀. Orí SD tàbí flash làwọn géèmù máa wà torí ẹni tó ń gé e á ti yọ ibi tó ń ka síìdì dà nù, èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí Wii tí ibi tó ń ka síìdì ẹ̀ ti kú, tí wọn ì bá jù sórí ààtàn, òun gan-an ló yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá irú ẹ̀ ló lò. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá gé èyí tí ò ní àbùkù kankan, wọn ò ṣe é mọ́ o.

Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ géèmù Wii ló jẹ́ pé rìmóòtù lèèyàn ń jù sókè jù sílẹ̀, ìyẹn ò bá ẹ̀rọ ọwọ́ mu. Géèmù GameCube lẹ máa fi í gbá jù. Tí GameCube ò bá wù yín, Wii alágbèéká ò lè fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ yín.

N64 (1996) wà fún ẹni tó ní kàsẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nílé tó sì fẹ́ máa ki í bọ̀ ọ́ gangan. Ó máa ń nípọn, kàsẹ́ẹ̀tì á yọ lẹ́yìn ẹ̀, ọwọ́ á kọ́kọ́ ro yín. Ohun méjì ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Àkọ́kọ́, ṣé Expansion Pak wà nínú ẹ̀? Òun ló ń sọ mẹ́mọ́rì 4 MB di 8 MB, àwọn géèmù kan bíi Donkey Kong 64 ò ní ṣí láìsí i. Èkejì, irú skríìnì wo ni? Ọ̀pọ̀ ló ń lo skríìnì kékeré tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà ẹ̀yìn mọ́tò, àwòrán á hàn o, àmọ́ lẹ́tà kéékèèké á máa ṣú.

PS2, mi ò fẹ́ pẹ́ lórí ẹ̀. Géèmù ẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ń gbóná, USB ẹ̀ sì jẹ́ 1.1 tó lọ́ra, tí géèmù bá wà lórí flash, fídíò inú ẹ̀ á máa já. Bọ́tìnnì páàdì PS2 tún máa ń mọ bí ìka ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, tí wọ́n bá fi bọ́tìnnì lásán rọ́pò ẹ̀, àwọn géèmù kan ò ní ṣe bó ṣe yẹ. Ó dìgbà tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó gé páàdì gidi sínú ẹ̀.

Bátìrì wá ńkọ́? Àkọ́kọ́ tí mo rà, N64 ni, lọ́sẹ̀ kẹta mo rí i pé ẹ̀yìn ẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀, mo rò pé ìdè ló tú, mo dè é padà. Lọ́jọ́ kejì ó tún là. Ìgbà tí mo ṣí i ni mo rí i pé bátìrì ti wú bí ìrọ̀rí, wọ́n kàn lọ́ wáyà pọ̀ tí wọ́n fi téépù wé e, kò sí bọ́ọ̀dù ààbò kankan tó máa gé iná tó bá kún. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò inú ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ tó mọ́ ò ní kọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi mAh tàn yín, Wh, ìyẹn gbogbo agbára tí bátìrì gbé, ni kẹ́ ẹ bèèrè. Bátìrì 18650 (irú lithium roboto tó tóbi díẹ̀ ju AA lọ) mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3,000 mAh ní 3.6 V jẹ́ nǹkan bí 43 Wh, tí ẹ̀rọ bá ń jẹ 10 W, ó lè tó wákàtí mẹ́rin. 18650 tí wọ́n kọ 9,900 mAh sí lára, irọ́ ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fúnra yín ṣe é, tẹ́ ẹ ò sì tíì sódà (fi òjé yíyọ́ so wáyà pọ̀) rí, ẹ kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀dù tó ti kú kọ́ ọwọ́. Tó bá sì jẹ́ pé kẹ́ ẹ ṣáà gbá géèmù lójú ọ̀nà lẹ fẹ́, ẹ̀rọ emulator á fúyẹ́ jù, bátìrì ẹ̀ á sì pẹ́ jù, kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Tó bá dé ọwọ́ yín, ẹ gbá a fún wákàtí kan gbáko lórí ṣájà, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí fáànù. Ẹ má gbé e sínú mọ́tò lóòrùn o, ọ̀pọ̀ àpótí tí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀ jẹ́ PLA, irú ike kan, tó bá ti tó nǹkan bí 60°C ó ti ń rọ̀.