Kébù 11kV fún tiransfọ́mà àdúgbò: XLPE àbí EPR, èwo lẹ máa rà?

Ẹ̀yin ará wa ní Lugbe, Kubwa àti Gwarinpa tẹ́ ẹ ń dáwó jọ ra tiransfọ́mà, kẹ́ ẹ tó lọ Dei-Dei ra kébù 11kV (fóltì 11,000) tó máa gbé iná dé ìdí ẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. XLPE, EPR àti PVC, oríṣi rọ́bà tí wọ́n fi ń bo wáyà inú kébù kíná má bàa jò ni wọ́n. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yọ PVC kúrò ńbẹ̀: iná ilé ló wà fún, 70°C ni agbára ẹ̀ mọ, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi fa 11kV torí pé kò wọ́n, ẹ sá fún un.

Ó wá ku XLPE àti EPR. Méjèèjì ló ń gba ooru tó 90°C, torí náà ohun tó ń sọ rọ́bà wọn di arúgbó ni ká wò. Tí afẹ́fẹ́ bá há sínú rọ́bà yẹn, bó tiẹ̀ kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, iná 11kV á máa ṣáná nínú ihò náà tọ̀sán tòru, á máa jẹ rọ́bà lára, ihò á yọ ẹ̀ka bíi gbòǹgbò igi, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún o, ọjọ́ tó bá gún un já lẹ máa gbọ́ gbàù. (Wáyà ilé 230V kì í rí báyìí, fóltéèjì ẹ̀ kéré jù, ooru ló ń pa tiẹ̀.)

XLPE fúyẹ́ lówó, iná tó ń ṣòfò nínú ẹ̀ náà kéré, àmọ́ omi lọ̀tá ẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ń rin gbingbin tíná sì wà lórí ẹ̀, omi náà máa ń ta gbòǹgbò sínú rọ́bà. TR-XLPE wà tí wọ́n ṣe kí gbòǹgbò yẹn má tètè dàgbà, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ mú un. EPR ní tiẹ̀ rọ̀, ó ń tẹ̀ dáadáa ní kọ̀rọ̀, ó ń fara da ìṣáná àti omi ju XLPE lásán lọ, ó kàn wọ́n ni.

Èmi o, ilẹ̀ gbígbẹ olókùúta, XLPE ni màá rà. Ẹ̀gbẹ́ odò, EPR, kò sí àríyànjiyàn.

Kébù tiwa, XLPE gidi ni, jọ́ìntì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti so kébù pọ̀, ló pa á: rìwáyà tá a gbà fi ọ̀bẹ ha awọ dúdú tó wà lórí rọ́bà, ó gé e wọnú, afẹ́fẹ́ bá há sójú ọgbẹ́ yẹn, òjò ọdún kejì ò tíì dá tó fi jó, la bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó. Ẹ ya owó jọ́ìntì sọ́tọ̀ jàre.

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ wò ó pé 6.35/11kV ni wọ́n kọ sára ẹ̀, ẹ béèrè ìwé tẹ́ẹ̀sì partial discharge (ìṣáná inú ihò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn), IEC 60502-2, ìlànà àgbáyé fún irú kébù yìí, ló ní dandan ni kí wọ́n ṣe é kó tó kúrò ní ilé-iṣẹ́. Èyí tí wọ́n ti gé tẹ́nu ẹ̀ ṣí sílẹ̀ tójò ń rọ̀ sí, bí wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má gbà á.