Ṣọ́ọ̀bù parts ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú n'Ikeja: ẹ fi màníjà sílẹ̀, ẹ wá màmá stóò lọ

Ẹ bá mi gbọ́ o. Wáyà MS20995C32 ni mo sanwó fún, èyí tá a fi ń de bóòtù àti fítà ọ́ìlì kí wọ́n má baà tú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, àmọ́ ohun tí wọ́n kó fún mi, àfi bíi wáyà tí wọ́n fi ń hun ilé adìyẹ. Mo fi màgínẹ́ẹ̀tì kàn án, ló bá lẹ̀ mọ́ ọn gbàgbà. Irin tí kì í dípẹtà ni ojúlówó C32, màgínẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ fà á. Mo ní kí n fi pláyà lọ́ ọ wò, kò tíì lọ́ dé ibì kankan tó fi já mọ́ mi lọ́wọ́, ohun dídán tí wọ́n kùn sí i lára wá ń bó sílẹ̀ sórí tábìlì.

Cessna 172, ọkọ̀ òfurufú kékeré, la gbé kalẹ̀ fún inspection wákàtí 100, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti fò fún wákàtí 100, ẹ́ńjìnnì Lycoming IO-360, ẹ mọ̀ ọ́n, mi ò ní máa ṣàlàyé ìyẹn. Wáyà nìkan kọ́ o. Nọ́ọ̀tì AN363 ni mo kọ sínú ìwé, onírin látòkè délẹ̀, torí pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀sọ́ọ̀sì ló ń lọ. AN365 ni wọ́n dì sínú ọ̀rá, èyí tó ní náílọ́ọ̀nù nínú! Ibi tó bá ti lè gbóná kọjá 250 Fahrenheit, náílọ́ọ̀nù yẹn ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, tó bá rọ̀ tán, kí ló kù tó fẹ́ di nọ́ọ̀tì mú?

Mo bá padà lọ. Ọmọ tó ń tajà níwájú, kí n má parọ́, ọmọ dáadáa ni, ó kí mi, ó gbé àga fún mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n pe ọ̀gá." Ọ̀gá jáde tòun ti fóònù létí, kò tiẹ̀ pa á, ó wo nọ́ọ̀tì yẹn fìrí, ó ní "Ẹnjiníà, nọ́ọ̀tì ni nọ́ọ̀tì jàre, ẹ̀yin náà fẹ́ràn wàhálà." Mo ní ìwé ẹ̀ ńkọ́? Ó ní standard parts, ìyẹn àwọn nọ́ọ̀tì àti wáyà tí wọ́n ṣe ní ìlànà kan náà, ò nílò 8130, ìwé ẹ̀rí ti FAA, àjọ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó sọ òótọ́ níbẹ̀ yẹn o, AN àti MS ò nílò tag 8130-3 ti FAA, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ní certificate of conformance, ìwé tó jẹ́rìí pé bó ṣe yẹ ni wọ́n ṣe é, kí nọ́ńbà lot (nọ́ńbà àwọn tí wọ́n jọ ṣe pa pọ̀) inú ìwé sì bá tara ọ̀rá mu. Èyí tó nà sí mi, fótòkọ́pì ni, wọ́n ti fi Tipp-Ex pa nọ́ńbà lot rẹ́, wọ́n wá fi báírò kọ òmíràn lé e. Báírò búlúù! Lórí fótòkọ́pì dúdú! Ó tún ní kí n rọra sọ̀rọ̀, pé kọ́sítọ́mà wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Èmi wá jẹ́ kí ni?

Ẹni tó bá ní ìwé lásán ni, ṣé kò gbọ́ ti AOG Technics ní London ni? 2023 ni àṣírí ẹ̀ tú pé ayédèrú ìwé ló ń tẹ̀lé parts ẹ́ńjìnnì CFM56 tí wọ́n ń tà, ẹ́ńjìnnì tó wà lára Boeing 737 àti Airbus A320 káàkiri ayé. Àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní TAP, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Portugal, ló fura, torí ohun tí ìwé pè ní tuntun, àlòkù ló jọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló wá ń tú ẹ́ńjìnnì wò.

Mo ti ń kó ẹrù mi, mo ní ó di ọ̀dọ̀ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ni màmá stóò bá yọ láti ẹ̀yìn, awò ojú wà ní orí imú wọn. Nigeria Airways ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ stóò, kó tó kógbá sílé ní 2003. Wọn ò bá mi fa ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n gba ọ̀rá, wọ́n gbé e sún mọ́ iná, wọ́n ní "Ta ló mú èyí jáde? Ṣebí mo ti so táàgì pupa mọ́ ọn!" Táàgì pupa, ìyẹn ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ lò ó. Ìgbà yẹn ni màníjà rántí pa fóònù.

Mo gbádùn màmá yìí débi pé inú mi rọ̀. Wọ́n gbé wáyà jáde nínú agolo ẹ̀, lébẹ̀ẹ̀lì wà lára ẹ̀ kedere, wọ́n mú ìwé ẹ̀ gangan wá, wọ́n fi ìka tọ nọ́ńbà lot lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí èmi náà kà á jáde. Wọ́n gé díẹ̀, wọ́n lọ́ ọ níṣojú mi, ìgbà 6 sí 8 nínú ínǹṣì kan, kò já. "Ọmọ mi, ọ̀nà tí bóòtù ń gbà le ni kó o jẹ́ kí wáyà máa fà á sí o, èyí tó o bá sì ti tú, má tún un lò." Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó dùn létí. Wọ́n tún bi mí bóyá mo ti ra gásíkẹ́ẹ̀tì pulọ́ọ̀gì tuntun. AN363 náà jáde, wọ́n pé. Burúkú ọjà yẹn, wọn ò jẹ́ kí màníjà fọwọ́ kàn án mọ́, wọ́n tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé mo dá a padà.

Owó tí mo san fún wáyà àkọ́kọ́, títí mo fi ń kọ èyí, kò tíì wọlé. Màníjà ní akáǹtì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ṣẹ́ńjì nọ́ọ̀tì náà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì tún gba owó dẹ̀lífárì lé e, ẹrù tí mo fọwọ́ ara mi gbé!

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má dúró níwájú, ẹ béèrè màmá. Wọn kì í wá lọ́jọ́ Sátidé.