Kéwú àárọ̀ tàbí ti ọ̀sán nílé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa?

Ní Kubwa l'Ábújá níbí, àwa òbí ń jiyàn lórí ìgbà tó yẹ kí àwọn ọmọ máa há Àlùkùránì sórí: kí iṣẹ́ kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, àbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣíwọ́?

Ti àárọ̀ ni mo fara mọ́. Ọpọlọ ọmọ ṣì jí pépé nígbà náà. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan. Ọmọ ọdún méje kan ń ka Súrátù Mulk, ó dé ààyà kẹjọ, ó gbàgbé èyí tó kàn. Àfáà ò pariwo mọ́ ọn, ó kàn fìka kan tábìlì. Ọmọ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kà á kọjá ibẹ̀. Inú mi dùn dénú. Àmọ́ ìnira ni fún àwọn tó ń bọ̀ láti Zuba, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀.

Ti ọ̀sán gùn jù ú lọ, ó sì dára fún àtúnkà, torí Ànábì sọ pé Àlùkùránì yára sá lọ kúrò lọ́kàn ẹni ju ràkúnmí tó já okùn lọ. Ṣùgbọ́n ebi àti oorun ò ní jẹ́ kí ọmọ há nǹkan tuntun.

Ojú ìwé 604 ni Àlùkùránì tí wọ́n ń tẹ̀ ní Mẹ̀dínà. Ìdajì ojú ìwé lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 36 lọ́dún, á jẹ́ ojú ìwé 90. Ọmọ á parí láàárín ọdún méje. Àárọ̀ ni kí wọ́n fi há tuntun. Bí wọ́n bá fẹ́ lo ọ̀sán, àtúnkà nìkan ni kí wọ́n fi ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun.