Ọbẹ̀ tòmátò oníkírímù fún pásítà: bí a ṣe ń fi ìgò wé ìgò kí a tó sanwó

Ní àwọn ilé ìtajà ńlá l'Ékòó, ìgò ọbẹ̀ tòmátò oníkírímù láti Ìlú Ọba àti èyí tó ti Amẹ́ríkà wá lè jókòó sórí pẹpẹ kan náà. Ẹni tó bá kàn fi ojú wo nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn lè ṣi ìgò rà, torí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi kọ wọ́n ò dọ́gba. Ti Ìlú Ọba ń sọ ohun tó wà nínú 100 gíráàmù. Ti Amẹ́ríkà ń sọ ohun tó wà nínú ìwọ̀n tí wọ́n gbà pé ẹnì kan ń bù lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ìdajì ife, nǹkan bíi 125 gíráàmù. Ọ̀kan kọ iyọ̀, èkejì kọ sodium, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀.

Ẹ mú méjì dání. Ká ní ìgò Amẹ́ríkà kọ sodium 480 mílígíráàmù, tí ti Ìlú Ọba sì kọ iyọ̀ 0.96 gíráàmù. 480 yẹn ga lójú, ó fẹ́ dẹ́rù bani. Ẹ ṣe é ní ìlọ́po 2.5 kí sodium lè di iyọ̀, ó di 1,200 mílígíráàmù, èyí tó jẹ́ 1.2 gíráàmù iyọ̀ nínú 125 gíráàmù ọbẹ̀. Ẹ wá fi 1.25 pín in kó lè di ti 100 gíráàmù, 0.96 náà ló bọ́ sí. Ọgbọọgba ni wọ́n! Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀rá: gíráàmù 4 lára ìgò Amẹ́ríkà kò ju 3.2 lọ lára ti Ìlú Ọba. Fóònù ọwọ́ yín á ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó dé ibi ìsanwó.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n tò sẹ́yìn ìgò, méjì la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò: iyọ̀, àti ọ̀rá tó máa ń dì tí ó bá tutù, èyí tí wọ́n ń kọ ní "saturates" tàbí "saturated fat". Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀rá dídì. Ní Ìlú Ọba, bí ọ̀rá dídì inú 100 gíráàmù kò bá ju 1.5 gíráàmù lọ, àwọ̀ ewé ni wọ́n sábà máa ń fún un níwájú ìgò, ìyẹn ni pé ó kéré. Bó bá kọjá 5, pupa ni, ó ti pọ̀. Ti iyọ̀, 0.3 ni ààlà àwọ̀ ewé, 1.5 sì ni ti pupa. Òṣùwọ̀n òòjọ́ àgbàlagbà lára àkọlé wọn ni 20 gíráàmù ọ̀rá dídì àti 6 gíráàmù iyọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tún fà á wálẹ̀ sí iyọ̀ tí kò tó 5.

Ẹ má fi "ìwọ̀n ẹnì kan" wé ara wọn láé. Ìgò 500 gíráàmù lè sọ pé ènìyàn 4 ni òun wà fún, kí ti 350 sọ pé ènìyàn 2. Ti àkọ́kọ́ ń ka 125 gíráàmù, ti èkejì ń ka 175, nítorí náà èyí tó kéré lójú lè jẹ́ òun gan-an ló lọ́ràá jù.

Orúkọ iwájú ìgò kì í sọ bí kírímù ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀yìn ni kí ẹ yíjú sí, níbi tí wọ́n to àwọn èròjà sí. Èyí tó pọ̀ jù ló ń ṣíwájú. Òfin Ìlú Ọba ní kí wọ́n kọ ìdá tí ohun tí wọ́n fi pe orúkọ ọbẹ̀ náà kó nínú 100. Bí wọ́n bá kọ double cream, ìyẹn kírímù tó lọ́ràá gan-an, 8%, ìṣirò rẹ̀ rèé: ọ̀rá kó nǹkan bíi 48 nínú 100 double cream, nítorí náà gíráàmù 8 rẹ̀ á mú ọ̀rá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4 wá. Bí gbogbo ọ̀rá inú ọbẹ̀ bá wá jẹ́ 9, ibòmíràn ni 5 yòókù ti wá, òróró sì ló sábà máa ń jẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, torí ọ̀rá dídì inú òróró sunflower kéré gan-an sí ti kírímù. Àmọ́ kírímù lẹ rò pé ẹ ń sanwó fún. Bí ẹ bá sì rí "modified starch", ìyẹn sítáàṣì tí wọ́n tún ṣe, ó ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ki láìjẹ́ pé kírímù pọ̀.

Ti ṣúgà, ẹ má yára bẹ̀rù. Tòmátò ní ṣúgà tirẹ̀, wàrà náà ní tirẹ̀, àkọlé Ìlú Ọba sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ti Amẹ́ríkà ló ń ya èyí tí wọ́n fọwọ́ bù sí i sọ́tọ̀, ní "added sugars". Ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹni tó bá fẹ́ sè é fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ mú agolo tòmátò gígé 400 gíráàmù kan, òróró ólífì ṣíbí ìjẹun kan, àti 100 mílílítà ohun tí yóò mú un funfun. Àwo mẹ́rin ni yóò jẹ́. Nǹkan bí ọ̀rá ṣe máa rí nìyí:

| Ohun tí a dà sí i | Ọ̀rá nínú 100 g rẹ̀ | Ọ̀rá dídì nínú rẹ̀ | Ọ̀rá dídì nínú àwo kan, òróró pẹ̀lú |
|---|---|---|---|
| Double cream | 48 g | 30 g | 8 g |
| Single cream | 18 g | 12 g | 3.5 g |
| Oje àgbọn inú agolo | 17 g | 15 g | 4.25 g |
| Mílíìkì olómi inú agolo | 8 g | 5 g | 1.75 g |

Àwo double cream kan ti gba ìdá méjì nínú márùn-ún òṣùwọ̀n òòjọ́. Mílíìkì agolo ló fúyẹ́ jù, àmọ́ ẹ ka ara agolo náà, torí òróró ewéko ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rá wàrà nínú àwọn kan. Iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, tó jẹ́ bíi 3 gíráàmù, á fún àwo kọ̀ọ̀kan ní 0.75. Bí ẹ bá ju mágí sí i, ẹ yọ iyọ̀ yẹn kúrò, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágí.

Ibi tí mílíìkì agolo ti ń dójú tini ni pé ó máa ń ṣẹ́. Tòmátò máa ń kan lẹ́nu, iná tún gbóná, protein inú mílíìkì á wá dì sí kóró kóró funfun bíi wàrà tó bàjẹ́. Ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 3, ẹ bu ọbẹ̀ gbígbóná díẹ̀ sínú mílíìkì kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tó rọra dà á sínú ìkòkò. Ẹ má jẹ́ kó hó mọ́. Double cream kì í sábà ṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀, protein rẹ̀ kéré.

Wàrà kì í bá inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa mu, lactose, ìyẹn ṣúgà inú wàrà, ló ń fà á. Mílíìkì agolo tó fúyẹ́ jù ní ti ọ̀rá ni lactose rẹ̀ pọ̀ jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti double cream kéré, oje àgbọn kò ní rárá. Ẹni tí inú rẹ̀ máa ń kùn, oje àgbọn ni kó dà sí i, kó sì dín in kù sí 60 mílílítà kí ọ̀rá dídì rẹ̀ má baà pọ̀ jù.

Bí ẹ bá rà á nínú ìgò, ẹ rántí pé bí ẹ bá ti ṣí i, inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà, fún iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Níbi tí iná mànàmáná ò ti dúró, ìgò kékeré tí ẹ máa lò tán lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ rà, kódà bí ìgò ńlá bá dínwó.